Ìṣẹ́jú Mẹ́tàlá Tí Láyíwọlá Fi Kún Un

Lọ́dún tí Mínnà di olú ìlú ìpínlẹ̀, tí gbogbo ẹni tó ní páálí ìwé lábẹ́ apá ń wọ́ wá wáṣẹ́, Láyíwọlá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí àdúgbò Keteren Gwari nínú ìlú náà, nìkan ló ń jẹun nísàlẹ̀ omi. Wàrí ló ti kọ́ṣẹ́ amòòkùn lọ́dọ̀ àwọn elépo rọ̀bì. Wọ́n ní bí ẹja bá sín nínú odò, yóò gbọ́, yóò sì dárúkọ bàbá ẹja náà.

Nígbà tó yá, ilẹ̀kùn irin kan há ní ìsédò tí wọ́n ń kọ́ lẹ́yìn ìlú, ọgọ́ta mítà sísàlẹ̀. Òun àti Àbdùlbáàkí, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ni yóò lọ tú u. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n fẹ́ sọ ọmọ Àbdùlbáàkí lórúkọ nílé rẹ̀ ní àdúgbò Barkin Sale, lẹ́yìn ìrun Alásàrì.

Adégbọlá, ẹ̀njíníà ọ̀dọ́, ní afẹ́fẹ́ lásán ti tó wọn láti mí nísàlẹ̀.

"Afẹ́fẹ́ lásán lọ́hùn-ún? Ògógóró nìyẹn, ó ń pani bí ọtí," Láyíwọlá dáhùn. "Mo rí ẹni tó yọ ìbòjú ẹnu rẹ̀ tó ń fi lọ ẹja. Ẹ po híliọ́mù, afẹ́fẹ́ tí kì í pani bí ọtí, mọ́ ọn, kí ọ́síjìn rẹ̀ sì mọ níwọ̀n, kí gìrì má baà mú wa."

Adégbọlá gbà. Ó tẹ́ ìwé ìṣirò. "Àádọ́rin ìṣẹ́jú lẹ óò fi gòkè."

"Ìwé òkun nìyẹn. Ilẹ̀ tiwa ga, afẹ́fẹ́ tó tẹ̀ wá fúyẹ́ ju ti etíkun lọ. Ṣí ìgò mínírà kíákíá, kí o wo bó ṣe ń hó. Bẹ́ẹ̀ lẹ̀jẹ̀ ń hó téèyàn bá yára gòkè. Fi mẹ́tàlá kún un."

Wọ́n tú ilẹ̀kùn náà, wọ́n ń fi ohùn ọmọ pẹ́pẹ́yẹ tí híliọ́mù fún wọn bú ara wọn nínú tẹlifóònù. Wọ́n wá ń gun okùn bọ̀, wọ́n ń dúró níbùdó kọ̀ọ̀kan tí ìwé là sílẹ̀. Nígbà tó ku mítà mẹ́fà kí wọ́n yọrí, wọ́n gba ọ́síjìn, ohùn wọn padà. Àádọ́rin ìṣẹ́jú pé.

"Ẹ̀gbọ́n, àkókò ìwé ti tó," Àbdùlbáàkí sọ. "Ààfáà ti jókòó."

"Jẹ́ kó jókòó. Àga ò ní bù ú jẹ."

"Hàbà. Wọ́n tún ń retí Ààfáà ní àdúgbò Jikpan, kò ní dúró dè mí. Àkọ́bí mi ni, ara mi sì le. Mò ń lọ."

Láyíwọlá gbá bẹ́líìtì rẹ̀ mú. "Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ní Wàrí, orúnkún rẹ̀ ò tẹ̀ mọ́ títí dòní. Ìwọ tó ń kírun lẹ́ẹ̀marùn-ún, báwo lo ṣe fẹ́ ṣe é?"

Àbdùlbáàkí jà. Àwọn tó wà lókè ní odò náà hó títí dé bèbè kejì. Láyíwọlá ò tú u sílẹ̀. Orin ìjọ Onítẹ̀bọmi ló ń kọ sí i létí títí mẹ́tàlá fi pé.

Nígbà tí wọ́n máa fi dé Barkin Sale, alùpùpù Ààfáà ló pàdé wọn lójú ọ̀nà. Wọ́n ti sọ ọmọ náà ní Àbdùlwàhídù. Àbdùlbáàkí gbé e, kò wo Láyíwọlá.

"Kí ló dá yín dúró?" Nàfísátù, ìyá ọmọ, bi wọ́n.

"Èmi ni mo dì í mú," Láyíwọlá sọ, ó sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Nàfísátù wo ọkọ rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, ó wọlé, ó bu ẹran jáde, ó sì kọ́kọ́ gbé e síwájú Láyíwọlá.