Bẹ́ǹṣì Tí Kò Ní Ẹ̀yìn

Bí mo bá gbọ́ ìró ayùn, bàbá káfíńtà àdúgbò wa ní Ìkòtún ni mo máa ń rántí. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í parí láìjẹ́ pé ẹnìkan jókòó sórí ohun tó kàn láti dán an wò. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jókòó," ni yóò máa bẹ àwọn tó ń kọjá.

Nígbà tó ṣe àwọn bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn, ìyá kan tó pọn ọmọ jókòó sórí ọ̀kan láti dán an wò. Ọmọ forí gbá pákó ẹ̀yìn rẹ̀, ó figbe ta. Kíá, bàbá tú ẹ̀yìn mẹ́ta nínú àwọn bẹ́ǹṣì náà kúrò. Inú bí ọ̀gá ilé ìwòsàn náà.

"Ọ̀gá, arúgbó á fẹ̀yìn ti àwọn tó kù. Ẹni tó pọn ọmọ ńkọ́?" ni bàbá fèsì.

Ọdún tí bàbá kú, mo pọn àkọ́bí mi lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára níbẹ̀. Mo jókòó sórí ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn. Ọmọ mi sùn fọnfọn.