Ìlà Funfun Lórí Nọ́ọ̀tì

Bí ẹ bá gbé ìbọn lọ fún atúnbọnṣe yìí, kò ní dá a padà láìfi ọ̀dà funfun fa ìlà tín-ín-rín sórí gbogbo nọ́ọ̀tì tó bá dè, láti orí nọ́ọ̀tì dé ara irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí nọ́ọ̀tì bá yí pẹ́nrẹ́n, ìlà á já sí méjì. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń fà á. Àwọn oníbàárà a máa ní, "Tí ẹ bá ti rí ìlà Ọ̀gá, ẹ lọ fọkàn balẹ̀." Òun a sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, inú rẹ̀ á máa dùn.

Bàbá ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Kìítàsé ní pápá tí ẹ̀rọ ti ń ju àwo amọ̀ sókè, tí wọ́n ń fi ìbọn fọ́ ọ. Nínú àwo mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, méjìlélógún ni Bàbá máa ń fọ́. Nígbà tó pé àádọ́rin ọdún tí iye náà ń já wálẹ̀, ọkọ ọmọ rẹ̀ ní kí àwọn gbé jígí kékeré kan sórí ìbọn, èyí tí bátìrì ń tan àmì pupa sí láàárín.

"Bàbá, ẹ ṣáà tẹjú mọ́ àwo. Ibi tí ojú yín bá lọ, àmì á tẹ̀ lé e."

"Ṣé kò ní tú?"

"Èmi ni mo máa dè é, Bàbá."

Lọ́jọ́ tó dè é, òun àti oníbàárà kan ń fi atúnbọnṣe mìíràn ṣe yẹ̀yẹ́, pé iṣẹ́ rẹ̀ ò ṣe é gbọ́kàn lé. Bó ti ń rẹ́rìn-ín ló fi ìka yí nọ́ọ̀tì méjèèjì tó di jígí náà mú wọlé, ló bá fa ìlà sí wọn. Ó fẹ́ padà wá fi sípánà mú wọn le. Kò padà.

Ní Sátidé, ọ̀rẹ́ Bàbá kan pariwo ní pápá, "Kìítàsé ti gbé tẹlifíṣọ̀n sórí ìbọn! Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, bọ́ọ̀lù ni àbí ìròyìn?"

"Ìròyìn ikú àwo ni," Bàbá dá a lóhùn. Ó gbé ìbọn léjìká. "Jù ú!"

Mẹ́rin àkọ́kọ́ fọ́ yángáyángá. Lẹ́yìn ìyẹn, àwo ń lọ ní tirẹ̀, ọta ń lọ ní tirẹ̀. Méje péré ló fọ́ nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Nígbà tó máa parí, kò sẹ́ni tó tún ń ṣàwàdà, ìyẹn ló sì burú jù.

Bàbá gbé ìbọn fún ọkọ ọmọ rẹ̀. Ìlà méjèèjì ti já. Oníbàárà mẹ́ta ló dúró ti atúnbọnṣe. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo nọ́ọ̀tì.

"Ojú mi ló ti lọ," Bàbá wí. "Ó tó gẹ́ẹ́."

Atúnbọnṣe mi orí bí ẹni ń káàánú.

Lọ́jọ́ kẹta, ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá mi ní kí ẹ ta ìbọn yẹn. Ṣé ojú wọn ti burú tó bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀," ló wí. Ní ṣọ́ọ̀bù, gbogbo ìgbà tó bá gbé ọ̀dà funfun ló ń gbé e sílẹ̀ láìfa ìlà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó gba ilé Bàbá lọ. Ó bá a níwájú ilé, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù tó fi ń yìnbọn. Ó ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ ló wọlé.

"Bàbá, nọ́ọ̀tì yẹn… èmi ni mi ò dè é."

"Mo mọ̀. Ìgbà tí mo yọ katiríjì ìkẹyìn ni mo rí i pé ìlà ti já. Mo gbé ìbọn fún ọ kí o lè fẹnu ara rẹ sọ ọ́. O fọwọ́ bò ó. Mo wo àwọn oníbàárà rẹ, mo ní kí n kúkú bá ọ bò ó."

Ìtìjú mú un débi pé kò mọ ibi tí yóò kọjú sí.

"Gbójú sókè. Èmi kọ́ ni mo gbà pé mo ti fọ́jú. Àwọn tó gbà á ń bọ̀ wá sí pápá ní Sátidé."

Sátidé yẹn, kí ẹnikẹ́ni tó yìnbọn, atúnbọnṣe gbé ìbọn Bàbá síwájú gbogbo àwọn tó wà ní pápá. Kò tíì tún un ṣe.

"Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ wo ìlà mi," ló wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bó ṣe fi ìka lásán yí nọ́ọ̀tì tó sì fa ìlà sí i.

Kó tó sọ ọ́ tán, oníbàárà kan ti tẹrí ba, ó ń fi èékánná yẹ ìlà ara ìbọn tirẹ̀ wò.