Ohun Tó Wà Lábẹ́ Aṣọ Funfun Sà Kọ̀ǹpútà

Eruku tó ń gbóná lẹ́yìn kọ̀ǹpútà ní òórùn tirẹ̀. Mo gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá nígbà tí mo wọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ọ̀kà, inú sì bí mi kí n tó rí àga jókòó.

Ní ilé ẹ̀kọ́ wa ní Ìkàrẹ́ nígbà èwe mi, a kò gbọ́ òórùn yẹn rí. Àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun ló fi kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí wa. Tíṣà tí à ń pè ní Sà Kọ̀ǹpútà tò wọ́n sórí tábìlì, ó fi aṣọ funfun bò wọ́n. A gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà kí a tó wọlé. Ṣọ́ọ̀kì ló fi ya bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà sórí sìmẹ́ńtì ilẹ̀. A ó kúnlẹ̀, a ó máa fi ìka tẹ ilẹ̀, a ó máa ké lẹ́tà bí ẹni ń kéwú. Gbogbo wa la yege ìdánwò.

Sìdíkátù ọ̀rẹ́ mi, tí ìyá rẹ̀ ń ta púpurú tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe, ló ní kí n wo ògiri: kò sí ibi tí a lè ki wáyà iná bọ̀. Ó bi Sà léèrè níbo ni kọ̀ǹpútà yóò ti máa rí iná. Pàṣán ni èsì, Sà sì ní:

“Kí lo fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe? Ṣé o fẹ́ fi gún púpurú ni?”

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Sìdíkátù kò sunkún. Ó ní òun máa san án fún Sà.

Ọjọ́ tí àwọn tó fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ wá wò ó, a ṣì ń kọrin ìkíni nígbà tí Sìdíkátù jáde lórí ìlà, tó fa aṣọ funfun náà kúrò. Páálí lásán ló wà lábẹ́ rẹ̀, bíríkì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e. Àwọn kọ̀ǹpútà wà ní ṣọ́ọ̀bù Sà, níbi tí àwọn òbí wa ti ń lọ tẹ ìwé ìkéde òkú.

Wọ́n gbé Sà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìṣùà, wọ́n sì fi í ṣe igbákejì ọ̀gá. Sìdíkátù ni wọ́n lé, pé ó tàbùkù àgbà. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ títí, wọn ò gbọ́. Nígbà tí Sìdíkátù fi padà sílé ìwé, ó ti dàgbà débi pé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń pè é ní àǹtí.

Òun ló ni yàrá tí mo wọ̀ l'Ọ́kà yìí. Àwọn ọmọ ń tú kọ̀ǹpútà palẹ̀, wọ́n ń tò ó padà, ó sì ń bi wọ́n, “Báwo lẹ ṣe mọ̀?” Bàbá arúgbó kan jókòó lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá. Sà ni. Ọmọọmọ rẹ̀ ló mú wá kọ́ kọ̀ǹpútà.

Mo bi Sìdíkátù ìdí tó fi gba ọmọ náà.

“Ọmọ ò ṣẹ̀ mí. Bàbá ni mo ní kó máa jókòó tì wá títí a ó fi ṣe tán. Ọmọ yẹn ló ń bèèrè ọ̀rọ̀ jù. Kí bàbá máa gbọ́ ọ.”

Mo bi bàbá bóyá ó rántí Sìdíkátù. Ó ní, “Ọmọ Ìkàrẹ́ pọ̀.”

Ẹ̀yin ọmọ òde òní ń gbé kọ̀ǹpútà sápò, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa fi pàṣán dá ìbéèrè lóhùn kò tíì tán láyé, ẹ fojú sílẹ̀. Wọ́n ní ká dárí jini. Ìdáríjì tèmi lè dé lọ́dún tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ tí mo wà l'Ọ́kà yẹn, mo ran bàbá lọ́wọ́ dìde, mo sì gbé àga rẹ̀ súnmọ́ àwọn ọmọ, kó lè gbọ́ dáadáa.