Orúkọ Tí Ìyá Olóbì Kò Lè Pè

Ìyá Olóbì da obì sínú bàsíà páànù, ariwo rẹ̀ gba gbogbo àgbàlá. Lẹ́yìn náà ó mú ẹyọ kan, ó gbé e síwájú ojú mi, ó ní, "Adúmáadán ọkọ mi, ẹ wò ó fún mi. Kòkòrò wà nínú rẹ̀ àbí kò sí?" Mo gbà á, mo yí i síwá sẹ́yìn, mo fi imú gbọ́ òórùn rẹ̀. N kò rí ihò kankan lára rẹ̀. Mo ní kò sí. Ìyá náà gba obì ọ̀hún, ó fi èékánná là á sí méjì, kòkòrò funfun kékeré kan sì wà láàárín rẹ̀ tó ń jẹun tirẹ̀ lọ jẹ́jẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ fi ń mì.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà, ní àgbàlá wa ní Adjamé, nílùú Abidjan. Yàrá mẹ́fà ló yí àgbàlá náà ká, ẹ̀rọ omi kan wà láàárín, ti ìyá náà sì ni yàrá tó wà ní igun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi máńgòrò kan tí kò so rí. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni gbákà, ọkọ̀ akérò ibẹ̀, máa ń já àpò obì rẹ̀ sílẹ̀ láti ìlú Anyama. Yóò tú wọn sórí ẹní, yóò hó èèpo wọn, yóò fọ̀ wọ́n, yóò ṣa pupa sọ́tọ̀, yóò ṣa funfun sọ́tọ̀, yóò sì fi ewé tútù bò wọ́n mọ́ inú apẹ̀rẹ̀. Bí mo bá dé láti ilé-ìwé, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mò ń jókòó sí. Òórùn ewé àti obì tútù wọ aṣọ ilé-ìwé mi débi pé àwọn ẹgbẹ́ mi sọ mí ní Wóro, bí àwọn Jùlá ṣe ń pe obì. Inú máa ń bí mi gan-an nígbà náà.

Ọkọ rẹ̀ ló mú un wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́. Obì ni ọkùnrin náà ń tà ní Anyama, ibẹ̀ ló kú sí kí wọ́n tó bí mi, kò sì sí ọmọ láàárín wọn. Àwa kì í ṣe ẹbí rẹ̀. Bàbá mi wulẹ̀ jẹ́ ará ìlú kan náà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ ni, ìyẹn sì ti tó lójú ìyá yìí láti ka gbogbo wa sí ará ilé ọkọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìyàwó tó mọ ara rẹ̀ ní ìyàwó kì í pe ará ilé ọkọ lórúkọ. Orúkọ tó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ló fi ń pè é. Bàbá mi tó ń kọ iye ẹrù sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ kan ní Zone Industrielle ní Yopougon, Akọ̀wé ni. Ẹ̀gbọ́n mi ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti sanra tipẹ́. Èmi dúdú, mo sì ń dán, nítorí náà èmi ni Adúmáadán. "Ẹ" ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Màmá mi máa ń sọ pé ìyá náà ló ń bà mí jẹ́, pé ta ni wọ́n ń kí ní "ẹ", èmi tí n kò tíì mọ abọ́ fọ̀.

Ọkọ rẹ̀ tó ti kú, Ọkùnrin Mẹ́ta ló ń pè é. Bàbá Olóbì ni gbogbo ọjà mọ̀ ọ́n sí, àwa náà sì ń pe ìyá ní Ìyá Olóbì. Kò sẹ́ni tó béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ogun ti pín orílẹ̀-èdè náà sí méjì nígbà tó sọ pé òun ń lọ sí Mẹ́kà. Ọkọ rẹ̀ ló ti ń múra ìrìnàjò náà kí àìsàn tó dá a dúró, ìyá sì ti pinnu pé òun yóò lọ tọrọ àánú Ọlọ́run fún un níbẹ̀. Ọkùnrin tó ń ṣètò ìrìnàjò ní kí ó mú ìwé ìrìnnà wá kí oṣù tó parí. Ìyá fa àpótí rẹ̀ jáde lábẹ́ ibùsùn. Omi òjò tó gba abẹ́ ìlẹ̀kùn wọlé lọ́dún tó kọjá ti dé inú rẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀. Gbogbo ìwé tó ní orúkọ rẹ̀ àti ti ọkọ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra wọn, wọ́n rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ó mú wọn sá sórí okùn aṣọ, wọ́n já mọ́ ọn lọ́wọ́.

Bàbá mi wà lẹ́nu iṣẹ́, màmá mi kò mọ̀wé, nítorí náà èmi tí mo wà ní CM1, kíláàsì karùn-ún, ni wọ́n ní kí n tẹ̀lé e lọ sí ọ́fíìsì àwọn ará Nàìjíríà. Aṣọ́nà ibẹ̀ ń sọ ohun tí ìlà kọ̀ọ̀kan nínú fọ́ọ̀mù ń béèrè, ìyá ń dáhùn, èmi ń kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n béèrè orúkọ tirẹ̀, ó sọ ọ́, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa gbọ́ ọ. Orúkọ ọkọ? "Ọkùnrin Mẹ́ta." Mo kọ ọ́. Orúkọ bàbá ọkọ? "Bàbá Onílé Ńlá." Mo kọ ọ́. Ta ló lè jẹ́rìí yín ní Ògbómọ̀ṣọ́? "Eyínafẹ́, àbúrò ọkọ mi." Mo kọ ìyẹn náà pẹ̀lú lẹ́tà tí wọ́n so mọ́ra bí olùkọ́ wa ṣe fẹ́ràn rẹ̀, mo sì fi rúlà fa ìlà sábẹ́ gbogbo rẹ̀. Orí mi wú. Mo rò pé fọ́ọ̀mù tó dára tó bẹ́ẹ̀ kò tíì dé ibẹ̀ rí.

Ọ̀dọ́kùnrin onígíláàsì ló gbà á lọ́wọ́ wa nínú ọ́fíìsì. Ó kà á, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ta ló ń jẹ́ Ọkùnrin Mẹ́ta?"

"Ọkọ mi ni."

"Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ ńkọ́?"

Ìyá wo ilẹ̀. "Kò sí lẹ́nu mi."

Ó kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí ojú rẹ̀, ó jókòó dáadáa. Ó ṣàlàyé pé ìwé ńlá kan wà lọ́wọ́ àwọn, tí àwọn ará Nàìjíríà tó ti wà nílùú látijọ́ fi orúkọ wọn sí, orúkọ àwọn ọkùnrin ni wọ́n sì fi tò ó. Bí òun bá rí ọkọ rẹ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Bí òun kò bá rí i, ó di dandan kí wọ́n kọ̀wé láti ilé, ìwé náà kò sì ní dé kí oṣù tó parí.

"Ṣé ẹ ò gbọ́ Yorùbá tí mò ń sọ ni?" ni ìyá bi í.

"Mo gbọ́ ọ, Màmá. Àwọn ará Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ náà ń sọ Yorùbá tó dùn jù báyìí lọ, Benin sì ni ilé wọn." Ó yíjú sí mi. "Ìwọ, o mọ orúkọ bàbá náà?"

N kò mọ̀ ọ́n. A wọ gbákà padà sílé, ìyá gbé àpò rẹ̀ lé itan títí a fi dé Adjamé.

Lọ́jọ́ Àìkú, bàbá mi lọ bá a lábẹ́ igi máńgòrò. Ó ti béèrè orúkọ náà káàkiri ọjà, Bàbá Olóbì ni gbogbo wọn mọ̀. Àwọn tó jẹ́ ẹgbẹ́ ọkùnrin náà ti kú tàbí kí wọ́n ti padà sílé.

"Ìyá, ẹ dákun," ni bàbá mi wí. "Bàbá ti lọ. Wọn ò ní bínú."

Ìyá ń hó obì lọ, kò gbójú sókè. "Akọ̀wé ọkọ mi, ẹ gbọ́. Mi ò bímọ fún un. Ilé tó kọ́, àwọn àbúrò rẹ̀ ló ń gbé e. Òun fúnra rẹ̀ wà nílẹ̀ ní Anyama. Kí ló wá kù tí mo fi jẹ́ ìyàwó? Ẹnu mi yìí náà ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti da omi sí mi lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn, mi ò pe orúkọ rẹ̀ rí."

Bàbá mi tẹrí ba. Màmá mi, tó jẹ́ pé bí inú bá bí i, ó lè pe orúkọ bàbá mi títí àwọn ará òpópónà kejì yóò fi mọ̀ pé ìjà ti dé, wulẹ̀ dìde. Ó lọ gbé omi wá fún un.

Lọ́jọ́bọ̀, àpò obì dé, ìyá kò tú wọn. Mo jókòó tì wọ́n, mo ń dúró, ẹ̀rù sì ń bà mí nítorí n kò rí i kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ funfun, ó ní kí n sin òun lọ sọ́dọ̀ onígíláàsì. Inú gbákà ló ti sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń bá fèrèsé sọ̀rọ̀. "Òun ló fẹ́ lọ sí Mẹ́kà, kì í ṣe èmi. Bí mo bá jókòó sílé tí mo ní mò ń bọ̀wọ̀ fún un, èmi ni mo dá a dúró yẹn."

Nígbà tí a dé iwájú tábìlì, ó ní, "Adúmáadán, ẹ di etí yín." Mo ti ìka bọ etí. Ìyá fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, bí ìyàwó ṣe ń kí ọkọ rẹ̀ láàárọ̀. Ọ̀dọ́kùnrin náà dìde, ó ń sọ pé, "Màmá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́." Kò dìde. Ó la ẹnu, ó pe orúkọ ọkọ rẹ̀.

Ìka mi wà létí lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò tì í dénú. Mo gbọ́ ọ. Ohùn kékeré ló fi pè é, bí ẹni tó fẹ́ jí ènìyàn tó ń sùn láìfẹ́ kí ó ta gìrì. Ó fi oríkì rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó sì pe orúkọ bàbá rẹ̀. Omi ń dà lójú rẹ̀. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Ọ̀dọ́kùnrin náà kò jókòó mọ́. Ó gbé ìwé ńlá náà wá, ó ṣí i lórí ìdúró, ó ń fi ìka tọ ojú ìwé kan dé òmíràn. Ó pẹ́. Nígbà tó yá, ìka rẹ̀ dúró.

"Màmá, ó wà níbí. Orúkọ yín náà wà lábẹ́ tirẹ̀."

"Orúkọ tèmi?"

"Ẹ̀yin ni. Ó ní kí wọ́n kọ yín síbẹ̀ pé ìyàwó òun ni yín."

Ìyá di etí tábìlì mú, ó dìde díẹ̀díẹ̀. "Ẹ kà á fún mi." Ó kà á. Ìyá ní kí ó tún un kà, ó sì tún un kà.

Ó lọ sí Mẹ́kà lọ́dún náà, ó sì bọ̀. Ó sọ fún mi pé òun tún pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i níbẹ̀, láàárín èrò tí kò sẹ́ni tó mọ òun. Lẹ́yìn ìyẹn, Ọkùnrin Mẹ́ta náà ló padà di lẹ́nu rẹ̀. A ń pe òun náà ní Àlájà Olóbì, ó sì ń ṣa obì rẹ̀ lọ.

Mo ti wà ní lycée, ilé-ìwé girama, nígbà tó kú, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan. Kí wọ́n tó gbé e jáde, Ààfáà béèrè orúkọ rẹ̀ fún àdúrà. Àwọn àgbà wo ara wọn. Bàbá mi ní, "Àlájà Olóbì." Ààfáà ní orúkọ rẹ̀ gan-an lòun ń béèrè. Láti ibi tí mo dúró sí láàárín àwọn obìnrin, mo sọ ọ́. Ó béèrè pé ìyàwó ta ni. Mo rántí pé ọmọ ilé ni ìyá kà mí sí, kò sì sí ohun tó ní kí ọmọ ilé má pè é. Mo pe orúkọ ọkọ rẹ̀, orúnkún mi sì wà nílẹ̀ kí n tó mọ̀.

Èmi náà ti lọ́kọ báyìí. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni mo fi ń pè é láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ó ní kí n má tiẹ̀ dán nǹkan mìíràn wò. N kò lè gbé ìgbé ayé ìyá yẹn, n kò sì ní purọ́ pé mo fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ìyá náà, mo sì ṣàárò rẹ̀, èmi nìkan ni mo sì ṣì ń rántí orúkọ méjèèjì pọ̀ ní gbogbo Adjamé. N kò ní kọ wọ́n síbí. Lẹ́yìn ìrun mi ni mo máa ń pè wọ́n. Nínú ìwé ńlá yẹn, ọkọ ló wà lókè, ìyàwó wà nísàlẹ̀. Lẹ́nu tèmi, ìyàwó ni mo máa ń kọ́kọ́ pè.