Nígbà Tí Odò Kúdẹtì Dákẹ́

Ní ọdún 1984, nínú yàrá kékeré kan ní ẹsẹ̀ òkè Mápó, iṣẹ́ Morádéyọ̀ ni láti máa gbọ́ ọ̀rọ̀ odò. Bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Wọ́n ti ri ẹ̀rọ kan sétí Ògùnpa, wọ́n ri òmíràn sétí Kúdẹtì, wọ́n sì fa wáyà láti ara méjèèjì dé orí tábìlì rẹ̀. Bí omi bá gòkè tàbí tó sọ̀ kalẹ̀, nọ́ńbà mẹ́ta á tẹ ara wọn sórí pépà, ìkẹrin á tẹ̀ lé wọn. Ìkẹrin yìí ni Morádéyọ̀ ń pè ní ẹlẹ́rìí. Bó bá jẹ́ 4, 2, 5, àròpọ̀ wọn 11, nítorí náà 1 tó gbẹ̀yìn ni ẹlẹ́rìí. Bí ẹlẹ́rìí kò bá bá àròpọ̀ mu, wáyà ti da ọ̀rọ̀ rú lójú ọ̀nà nìyẹn, á sì fi bírò pupa fa ìlà sí i.

Níbẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún ni ẹ̀rọ ń sọ̀rọ̀. Pépà kún yàrá dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn ẹnjiníà wá ní kí wọ́n dín ọ̀rọ̀ kù: bí omi kò bá yí, tí kò gòkè, tí kò sì sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ̀rọ dákẹ́. Láti ìgbà náà, ohun kan ṣoṣo ni ìdákẹ́jẹ́ túmọ̀ sí. Kò yí.

Èyí bá Morádéyọ̀ lára mu. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni, àdúrà kì í sì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, ohùn jẹ́jẹ́ tó máa ń gbọ́ nínú ọkàn rẹ̀ láàárọ̀ kò wá mọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bó bá dìde lórí eékún, á kàn sọ lábẹ́lẹ̀ pé, “Kò yí,” á sì lọ síbi iṣẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án, oòrùn ń ràn lórí páànù ìsàlẹ̀ Mápó, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ti ṣú lọ́ọ̀ọ́kán. Ògùnpa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín wákàtí kan, ó ń ga sí i, ẹlẹ́rìí sì pé lẹ́ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kúdẹtì dákẹ́. Fáànù ń yí bí ẹni tó ń tòògbé. Morádéyọ̀ tẹjú mọ́ àyè funfun tí Kúdẹtì fi sílẹ̀ lórí pépà títí ó fi dà bíi pé funfun náà ń fẹ̀ sí i, tó ń bo tábìlì, tó ń bo ọwọ́ rẹ̀. Nọ́ńbà ní ẹlẹ́rìí. Ta ni ẹlẹ́rìí ìdákẹ́jẹ́?

Ó pe Joseph, ọ̀gá rẹ̀, lórí fóònù.

“Ògùnpa ń ga, sà. Ti Kúdẹtì, n kò mọ̀.”

“Ṣé kò tẹ nǹkan kan?”

“Kò tẹ nǹkan kan, sà.”

“Kò yí nìyẹn. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

“Ṣé òkú náà kì í dákẹ́ ni, sà?”

Joseph rẹ́rìn-ín. “Ìwàásù tún ti dé. Mádáàmù, kò sí ibi tí wọ́n ń kọ ‘n kò mọ̀’ sí nínú fọ́ọ̀mù wa. Tó o bá sì dìde lórí àga yẹn, ó máa wọ fáìlì rẹ.”

Morádéyọ̀ gbé fóònù kalẹ̀. Ó lé ní ogún ilé tó wà létí ẹ̀rọ Kúdẹtì, agboolé tí Ràbíátù ti ń se ọṣẹ dúdú sì ni ó kángun sí omi jù. Bí odò bá ń bọ̀, òun nìkan ló yẹ kó sọ fún wọn. Ó kọ “n kò mọ̀” sí etí fọ́ọ̀mù, ó sì dìde.

Ó gba Ọjà'ba sọ̀ kalẹ̀ sí Ìdí Arẹrẹ. Àwọn èèyàn ń kí i, ó ń dáhùn, ṣùgbọ́n ohùn wọn ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, bí ìgbà tí èèyàn bá ki orí bọ omi. “Baba, bí O bá wà níbẹ̀,” ló ń sọ bó ti ń lọ. Kò gbọ́ nǹkan kan.

Ràbíátù jókòó ti ìkòkò ọṣẹ rẹ̀, ó kẹ̀yìn sódò.

“Aládùúrà, ṣé ọṣẹ ló tán nílé, àbí o wá gbàdúrà fún ìkòkò mi?”

“Ẹ kúuṣẹ́, Ìyá Gàfárù. Wáyà wa dà?”

Ràbíátù fẹnu júwe ẹ̀yìn ilé. Àpò tí wọ́n fi ń sẹ́ omi eérú ni wọ́n sá sórí wáyà, mẹ́jọ, tí gbogbo rẹ̀ ṣì ń kán tótó. Wáyà náà ti já. Wọ́n sì ti so ojú ibi tó já mọ́ igi ìbẹ́pẹ.

“Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé kò níná nínú,” ni Ràbíátù wí. “Wáyà tí kò níná, kí la fẹ́ fi í ṣe tó ju okùn aṣọ lọ? A kúkú so ó padà fún yín.”

“Odò ńkọ́, Ìyá?”

“Ó wà níbẹ̀. Òkúta tí a fi ń fọṣọ ṣì...”

Ó yíjú sódò. A kò rí òkúta mọ́. Omi pupa ti yọ́ dé ẹsẹ̀ àtíbàbà ọṣẹ, láìpariwo, ó gbé ewé kan dání.

“Kúbúrá,” ni Ràbíátù pe ìyàwó ọmọ rẹ̀, “kó àwọn ọmọ lọ sí mọ́ṣáláṣí òkè. Má dúró mú nǹkan kan.”

Morádéyọ̀ ń kan ilẹ̀kùn láti ilé dé ilé. Nígbà tí wọ́n fi máa pe ìrun àsárì, odò ti gbé àtíbàbà lọ, ìkòkò ọṣẹ náà bá a lọ. Kò gbé èèyàn kankan.

Lẹ́yìn náà, wọ́n fa wáyà mìíràn sókè ibi tí ọwọ́ ẹni tó ń sáṣọ kò lè tó. Morádéyọ̀ bẹ̀bẹ̀ pé bí omi kò tilẹ̀ yí, kí ẹ̀rọ máa tẹ òdo kan ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí a lè mọ̀ pé ó ṣì wà. Joseph kùn pé pépà tún máa kún yàrá, ṣùgbọ́n ó fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kò yọ lẹ́tà ìbáwí tó ti kọ nítorí pé Morádéyọ̀ dìde lórí àga kúrò nínú fáìlì rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ òdo, Morádéyọ̀ kúnlẹ̀ síbi tó máa ń kúnlẹ̀ sí. Ohùn náà kò wá. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sọ pé kò yí.

“N kò mọ̀,” ló wí. “Ṣùgbọ́n èmi wà níbí.”

Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀ títí wákàtí kan fi pé, ó sì tún un sọ.