Jẹ́lì Tó Wà Lẹ́sẹ̀ Súlìyát

Ara ẹ̀gbọ́n mi Súlìyát kì í balẹ̀. Bó bá ń jẹun, ojú rẹ̀ á ti máa wá ibi tí yóò gbá. Ogún ọdún rèé tó ti Ìsẹ́yìn wá sí Onitsha, tó ń ránṣọ ní Odekpe. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló fi ń tẹ ẹ̀rọ. Kò fẹ́ ẹ̀rọ oníná, ó ní kì í gbọ́ràn.

Ìtọ̀ ṣúgà ń bá a jà. Nígbà tí bàtà bó o ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún yìí, ó ní kékeré ni. Kékeré náà di egbò, dókítà sì sọ ọ́ lójú wa pé bí kò bá yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn máa gé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ náà. Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Òun ń béèrè bóyá òun lè máa lọ, oníbàárà ń dúró.

Olúwaṣìkẹ́mi, nọ́ọ̀sì ọmọ Òṣogbo ní ilé ìwòsàn kan ní GRA, lẹ jẹ́lì pẹlẹbẹ kan mọ́ egbò náà. Ó tutù, ó ń mì bí ẹ̀kọ. Ó fi báńdéèjì wé e, ó ní ká má tú u títí ọjọ́ karùn-ún. Ọjọ́ kejì ni Súlìyát tú u. Jẹ́lì ti wú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Ó ní níbo ni wọ́n ti ń fi omi wo egbò, ṣebí a máa ń jẹ́ kójú egbò gbẹ ni? Ó yọ ọ́, ó sá a sí oòrùn lórí páànù títí ó fi le bí èékánná, ló bá dá a padà sórí egbò. Mo sọ̀rọ̀ títí, mo bínú títí. Ó kọ etí ikún sí mi.

Nígbà tí a padà lọ, egbò ti ń rùn. Nọ́ọ̀sì wo jẹ́lì gbígbẹ náà, kò bú u. Ó ní kó rántí nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń ránṣọ ìyàwó: bí èèyàn bá ká a jọ, ihò rẹ̀ á pa dé, bó bá nà án, ihò á là. Inú jẹ́lì rí bẹ́ẹ̀, omi ló sì ń nà án. Bó bá mu omi egbò tó wú, ihò rẹ̀ á fẹ̀, oògùn inú rẹ̀ á máa rọra jáde bọ́ sínú egbò. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ nìgbín fi ń gun igi.

"Ẹ sá a gbẹ, Mà, oògùn ò ríbi gbà jáde mọ́," ló wí. "Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù."

Ó fọ egbò náà, ó lẹ òmíràn. Mo rò pé ìgbà yẹn lẹ̀rù ṣẹ̀ṣẹ̀ ba ẹ̀gbọ́n mi. Bí a ṣe délé, ó mú abẹ́rẹ́, ó rán ojú báńdéèjì náà pa, ó kó gbogbo sísọ́ọ̀sì àti abẹ ilé fún Mama Nkem, aládùúgbò wa, ó ní bí òun bá wá béèrè, kó má fún òun. Aránṣọ tí kò ní sísọ́ọ̀sì, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Lọ́jọ́ kẹta ó lọ bẹ̀ ẹ́.

"Mba, Mama Tailor," ni Mama Nkem fi kọ̀ fún un. "Go siddon."

Ó padà wá, ó ń fi gìgísẹ̀ rìn yíká yàrá, ó ní ó ń yún òun, ó ti jẹrà. Ọkàn tèmi náà ò balẹ̀. Bó bá jẹ́ òótọ́ ńkọ́?

Lọ́jọ́ karùn-ún, nọ́ọ̀sì gé òwú náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ jẹ́lì tó wú, ẹran tuntun pupa ló wà níbẹ̀, kò sì rùn mọ́. Dókítà tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò, ó ní kò sí ohun tí òun fẹ́ gé.

Súlìyát bú sẹ́kún. Mo ní kí ló dé, ṣebí ayọ̀ ni.

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ní àwọn máa gé e," ó ní, "bí o bá ti jáde nílé, ẹsẹ̀ òsì ni mo fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ ẹ̀rọ. Kò gbà."