Bèbè Odò Tí Mùílì Gbá Mọ́

Kí n má tún jẹ iyọ̀ láyé mi bí irọ́ kan bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. Èmi tí mo fi bébà ẹlẹ́pà kọ́ ara mi ní ìwé kíkà, irọ́ ò yẹ ọwọ́ mi.

Marufat, aya Mùílì aládùúgbò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ló ń mú alákàn ní odò ẹ̀yìn ilé. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n mú tó o, àfi èmi nígbà èwe mi. Alákàn rẹ̀ a máa tóbi bí ìdérí ìkòkò. Ọ̀kan gé èrúkọ́ sí méjì lójú mi.

Ní 1988, Waliyat ọmọ wọn rí ọkọ ní Ọ̀yọ́. Ìyá ọkọ ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá kí àwọn àna òun, àti pé ọbẹ̀ alákàn Marufat ni òun fẹ́ jẹ.

"Kí wọ́n máa bọ̀," ni Marufat wí. "Wọn ò ní lè dìde."

Sátidé ìmọ́tótó ló kọ́kọ́ dé. Mùílì bẹ̀rù wolé-wolé ju paramọ́lẹ̀ lọ. Ó ro koríko bèbè odò, ó gé ẹ̀ka tó ṣíji bò ó, ó gbá ewé jíjẹrà ibẹ̀ títí ẹrẹ̀ fi ń dán bí ilẹ̀ yàrá. Wolé-wolé yìn ín. Àmọ́ oòrùn ta sí ẹrẹ̀ náà, ó le bí àpáàdì. Nígbà tí àlejò ku ọ̀la, Marufat ki ọwọ́ bọ ihò, òfìfo ló bá.

"Bàbá Waliyat, ẹ ti gbá oúnjẹ àlejò dànù."

"Ìdọ̀tí ni mo gbá."

"Ìdọ̀tí yẹn ni alákàn ń jẹ. Bí wọ́n bá gbé àwo yín lọ, tí wọ́n ṣí òrùlé yín, ṣé ẹ óò jókòó?"

"Bí ìwọ bá wà níbẹ̀, màá jókòó."

"Ẹ fi ẹ̀rín sílẹ̀. Níbo lẹ da ewé náà sí?"

Abẹ́ igi ìyeyè ní ìsàlẹ̀ odò ni, níbi tí omi ti ń rọra lọ. Wọ́n sáré débẹ̀, mo tẹ̀ lé wọn. Ẹrẹ̀ abẹ́ ewé náà tutù, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná, ihò tuntun sì kún ibẹ̀ bí ojú asẹ́. Gbogbo alákàn odò, tìyá tọmọ, ti kó lọ bá oúnjẹ wọn. Mùílì fẹ́ ṣe akin, ó ki ọwọ́ bọ ihò kan. Alákàn gbá a mú, orí igi ìyeyè ló fò kọjá.

Ìyá ọkọ jẹun tán, ó lá ìka, ó ní kí wọ́n bu sí i. Láti ọjọ́ náà, ìgbálẹ̀ Mùílì kì í kọjá ilé ìdáná.

Ẹni tí kò bá gbà, kó lọ bi Mùílì ní Ọjà Igbó. Ó ń bẹ láàyè, àpá alákàn sì wà ní àtàǹpàkò rẹ̀.